Aṣọ Aláìsàn: Ìbéèrè Tó Ń Jáde Lemọ́lemọ́ Àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn télọ̀ tó ń gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ní èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń béèrè nǹkan wọ̀nyí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú.

Kí ló dé tí ẹ̀yìn aṣọ ilé ìwòsàn fi máa ń ṣí sílẹ̀?

Ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò lè gbéra ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí pé à ń gbé aláìsàn sókè kí aṣọ tó wọ̀ ọ́ lára: ẹ ó tẹ́ ẹ lé e láyà, ẹ ó ti apá rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó parí. Bó bá fẹ́ ṣe ìgbẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ohun tí a ó bọ́. Dókítà tó fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí láti ẹ̀yìn náà kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Fún ẹni tó ń lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ọgbọ́n gidi ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé aṣọ ẹni tí kò lè dìde ni a wá gbé wọ ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ya àwòrán àyà, tó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú àna rẹ̀. Okùn tó so aṣọ náà wà lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Mo rò pé orí okùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: ta ló lè ṣí aṣọ náà, ta ló sì lè pa á dé?

Ṣé gbogbo aláìsàn ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́?

Rárá o. Ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹni tí àìsàn rẹ̀ le débi pé ẹ̀rọ ló ń ràn án lọ́wọ́ láti mí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ọgbẹ́ ń dà lára rẹ̀: àwọn wọ̀nyí ló wúlò fún. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó ń dá lọ wẹ̀, tó ń dá bọ̀, kí ló fẹ́ fi í ṣe?

Ní 2014, àwọn dókítà kan ní Kánádà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ JAMA Internal Medicine pé nínú àwọn aláìsàn tí àwọn wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó lè wọ ṣòkòtò ara wọn láìséwu, síbẹ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá péré ló wọ̀ ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Brian Dolan dá ìpolongo End PJ Paralysis sílẹ̀ (PJ ni aṣọ ibùsùn), NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, sì gbé e fún 70 ọjọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2018. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé kí aláìsàn dìde, kó wọ aṣọ ara rẹ̀, kó sì rìn. Arúgbó tó bá wà nínú aṣọ ibùsùn láti àárọ̀ di alẹ́ á kàn máa dùbúlẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa rọ.

Kí á tó gba aṣọ lára èèyàn, ó yẹ kí ìdí kan wà tí a lè sọ fún un lójú. “Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn” kì í ṣe ìdí.

Ní wọ́ọ̀dù tiwa, aṣọ ara ẹni la ń wọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá?

Ó kàn wá dáadáa. Lóòótọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba lọ́dọ̀ wa, ilé ni aláìsàn ti ń gbé ìró àti bùbá tàbí jalabíà wá, ẹbí rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ tó sì ń sá a sórí wáyà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Òmìnira ni èyí jẹ́ fún ẹni tó ní ẹbí. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni nítòsí, tàbí ẹni tí wọ́n gbé wá láti ibi tí ọkọ̀ ti gbá a, inú aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kan náà ni yóò wà títí ẹnì kan yóò fi ṣàánú rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò ní aṣọ kankan ní ìpamọ́ ti jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ ìgúnrégé tó dé ibẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí náà wà ńbẹ̀. Gígé rẹ̀ kò burú, ẹ̀mí ló ṣáájú. Jíjù ú sí pàǹtírí ló burú. Etí ìró ni ọ̀pọ̀ ìyá ń so owó sí, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá lè nílò aṣọ náà lọ́la. Ẹ dì í sínú nylon, ẹ kọ orúkọ sí i.

Ní oṣù keje ọdún 2018 ni àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà gbé ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn jáde. Ẹ̀tọ́ sí àṣírí àti sí ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ kedere. Aṣọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, tí okùn rẹ̀ ti já, tí a fi báńdéèjì so, kò bá ìwé yẹn mu.

Ṣé a ò kúkú lè rán an bíi bùbá àti ìró?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló sún mọ́ ọn jù. Ìró kò mọ sanra kò mọ tín-ín-rín. Ẹni tó ró o ló ń tú u. Bí dókítà bá fẹ́ wo ikùn, a ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, àyà ṣì wà ní bíbò. Bó bá fẹ́ wo itan, a ó ṣí i láti ẹ̀gbẹ́. Ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ náà ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin: ó fẹ̀ débi pé a lè ká a dé orókún àti itan, okùn rẹ̀ sì wà níwájú lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́.

Àléébù wọn wà o. Ìró máa ń tú lójú oorun, ẹni tí òòyì ń kọ́ lè fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ kó ṣubú. Bùbá ní tirẹ̀, orí la ti ń wọ̀ ọ́, kò sì rọrùn fún ẹni tí omi ń wọ̀ lára láti apá láti bọ́ ọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn télọ̀ ni pé kí wọ́n la èjìká bùbá náà láti ọrùn dé ọwọ́, kí wọ́n fi bọ́tìnnì oníke tí à ń tẹ̀ pa á dé, kí wọ́n rán okùn mọ́ ìró níbi ìbàdí, kí wọ́n sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ ojúgun.

Àwọn Òyìnbó náà ti ń bọ̀ lọ́nà yìí. Ní nǹkan bí 2010, ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà pe Diane von Furstenberg, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa aṣọ obìnrin tí à ń ró mọ́ra, láti bá wọn tún ti wọn ṣe. Ní Detroit, àwọn ilé ìwòsàn Henry Ford Health gbé èyí tí wọ́n pè ní Model G jáde pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọnà kan: ó bo ẹ̀yìn pátápátá, iwájú ló ti ń ṣí. Ní London, Ben de Lisi, tó ń ya àwòrán aṣọ, ya tirẹ̀ fún iṣẹ́ tí àjọ Design Council ṣe lórí iyì aláìsàn. Tí ẹ bá tẹ́ aṣọ wọ̀nyí sílẹ̀, ìyá àgbà kan ní Ìṣẹ́yìn á ní òun mọ̀ ọ́n ró.

Aṣọ wo ló yẹ ká fi rán an?

Òwú, tàbí òwú tí wọ́n pò mọ́ polyester. Òwú ń fa òógùn mu, ó sì farada omi gbígbóná. Polyester máa ń tètè gbẹ, èyí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré níbi tí iná kì í dúró, ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn bíi Staphylococcus àti Enterococcus máa ń pẹ́ lórí rẹ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn gbóná tó 65°C fún ìṣẹ́jú 10, tàbí 71°C fún ìṣẹ́jú 3. Aṣọ tí kò bá lè la irú omi yẹn kọjá, ẹ má dá a láṣà.

Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e. Èyí tí a gé láìfọ̀ máa ń sún, aṣọ tó dé ojúgun lónìí á di ti òkè orókún lẹ́yìn oṣù méjì, ẹni tó sanra ló sì máa kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Kí ẹ tó san owó, ẹ na aṣọ náà sójú oòrùn kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìka yín, wọ́ọ̀dù náà á rí ju ìka lọ.

Èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù ńkọ́?

Ó dára fún àìsàn tó ń ràn. Yàtọ̀ síyẹn, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ike polypropylene ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n ń dún, wọ́n máa ń ya níbi ìdí tí aláìsàn bá jókòó. Ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń sun ún, tí èéfín rẹ̀ ń wọlé àwọn aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwọ̀ wo ló dára? Ṣé àdìrẹ lè ṣe é?

Funfun ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tètè rí ẹ̀jẹ̀. Ó tún ń jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bẹ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wò rí i. Àwọn àgbàlagbà kan kì í sì í fẹ́ wọ funfun kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ìdí ẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ti tíátà àti ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ jẹ́ aláwọ̀ fífẹ́lẹ́ tí kò ní àwòrán, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lè pa èèyàn. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ fún wọn ní aṣọ alárànbarà.

Àdìrẹ lè ṣe é, bí aró rẹ̀ bá ti mú. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Èyí tó bá ń ṣí kò dára fún aláìsàn, kì í ṣe nítorí ẹwà: aró tó bá mọ́ ara èèyàn lè jẹ́ kí dókítà rò pé atẹ́gùn kò tó o lára, nítorí pé awọ ara, ètè àti èékánná ẹni tí atẹ́gùn kò tó máa ń ṣe bí aró náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wọ jíǹsì tuntun rí, tí wọ́n sáré gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá mú àpẹẹrẹ ọnà lọ́dọ̀ àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ san owó ọnà náà fún wọn, kì í ṣe owó aṣọ nìkan.

Kí la ó ṣe fún Mùsùlùmí obìnrin, àti fún ẹnikẹ́ni tí kò fẹ́ kí ara òun hàn?

Ẹ ṣe aṣọ tó bò ó, kó wà ní ìkáwọ́ kó tó béèrè. Ní 2006, ilé ìwòsàn Royal Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé aṣọ kan jáde tó bo aláìsàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ní ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, Maine Medical Center rí i pé àwọn obìnrin Sòmálíà ń pa ọjọ́ ìtọ́jú jẹ nítorí aṣọ tí wọ́n máa ní kí wọ́n wọ̀. Wọ́n tún un ṣe. Ẹ wo bó ṣe rí: àìsàn ń pọ̀ sí i lára èèyàn nítorí okùn méjì lẹ́yìn aṣọ.

Ti orí kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀ rárá. Gbogbo ẹni tó wọ tíátà ló gbọ́dọ̀ bo irun, nítorí náà ohun tí a ń wá ni ìbòrí tó mọ́, tó bo ọrùn, tí ẹni tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun sì lè sún kúrò díẹ̀. Ilé ìwòsàn Royal Derby ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn dókítà tiwọn láti 2019. Kí ló dé tí aláìsàn ò fi lè rí i lò?

Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan o. Mo mọ àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n kọ̀ láti rìn kọjá wọ́ọ̀dù ọkùnrin nínú aṣọ tó ń ṣí. Ní Cuba àti láàárín àwọn ará Cuba tó wà ní Miami, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní ìyàwó, aṣọ funfun nìkan ló ń wọ̀ fún ọdún kan gbáko. Bí ilé ìwòsàn bá ní ẹyọ funfun díẹ̀ ní ìpamọ́, wọn ò ní bá a jà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìdè Ifá, ońdè: ṣé dandan ni ká bọ́ wọn?

Nígbà mìíràn. Irin gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí iná tí wọ́n fi ń jó ẹ̀jẹ̀ pa nínú iṣẹ́ abẹ lè gba ibẹ̀ jó ara. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbi tí wọ́n fẹ́ gé náà gbọ́dọ̀ kúrò. Èyí tó jìnnà síbẹ̀, tí kì í ṣe irin, àwọn tíátà kan máa ń fi báńdéèjì wé e mọ́ra. Ẹ béèrè.

Bí a ṣe ń bọ́ ọ ló ṣe kókó. Ẹ má gé e. Ẹ ní kí aláìsàn tú u fúnra rẹ̀, tàbí kó yan ẹni tí yóò tú u. Ẹ kó o sínú ọ̀rá tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá dárúkọ. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló fẹ́ kí ìyá ọkọ òun gba ìlẹ̀kẹ̀ ìdí òun lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ìdè tí àwọn onífá ń so mọ́ ọwọ́ òsì, ní Ìbàdàn àti ní Havana, ìlérí ló wà lára rẹ̀. Bí omi bá lè gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, ẹ jẹ́ kó gba ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó sì ń wàásù lórí nǹkan òrìṣà nígbà tí ẹlòmíràn wà lórí tábìlì, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kọ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí ìyá mi bọ́ gbogbo aṣọ kó tó wọnú ẹ̀rọ MRI? Ṣòkòtò lásán ló wọ̀.

Nítorí òwú irin. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ni ẹ̀rọ náà, tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, ó sì ń fi ìgbì rédíò ṣiṣẹ́. Ìgbì yìí lè mú òwú irin gbóná débi tí yóò jó ara. Aṣọ eré ìdárayá kan wà tí wọ́n fi òwú fàdákà hun kí ó má baà rùn, ó ti jó aláìsàn rí. Lọ́dọ̀ wa, aṣọ òkè oníshain-shain, lésì tó ń dán yinrin, àti gèlè ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹni tó ti ibi ìnáwó gba ilé ìwòsàn lọ lè má mọ̀ pé irin wà lára òun.

Télọ̀ tó ń rán aṣọ MRI kò gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnnì irin, ìkọ́ tàbí síìpù sí i. Ilé ìwòsàn náà kò sì gbọ́dọ̀ ní kí obìnrin bọ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wá fún un ní aṣọ kan ṣoṣo tó fẹ́lẹ́. Ẹ fún un ní méjì, kó wọ ọ̀kan tó ṣí sẹ́yìn, kó fi èkejì tó ṣí síwájú lé e, pẹ̀lú ṣòkòtò.

Aṣọ wo ni ẹni tó ní jẹjẹrẹ nílò?

Ó sinmi lórí ibi tí ìtọ́jú ń gbà wọlé. Ẹni tí wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà oògùn sí lábẹ́ awọ àyà nílò aṣọ tó ń ṣí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́bàá èjìká, kì í ṣe èyí tí yóò bọ́ títí dé ìdí kí oògùn tó wọlé. Èyí tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ máa ń gbé ike tí omi ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí kiri fún ọjọ́ mélòó kan: ẹ rán àpò sí inú aṣọ náà, kó má baà máa fi ọwọ́ gbé e bí ẹni gbé àwo ọtí. Apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kì í lè gòkè, nítorí náà iwájú ni kí ó ti máa ṣí.

Àpò inú yìí wúlò fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ọ̀rá ìtọ̀ tó ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà lára ohun tí àwọn bàbá máa ń ráhùn lé lórí. Ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀, nítorí náà àpò rẹ̀ á wà ní apá ìsàlẹ̀ aṣọ, yóò sì ní ihò kékeré tí nọ́ọ̀sì á fi máa wo iye ìtọ̀.

Ṣé ìwọ̀n kan ṣoṣo kò tó?

Kò tó. Ẹni tó sanra tí aṣọ kò pé lẹ́yìn rẹ̀ ti mọ ohun tí wọ́ọ̀dù ń sọ. Ẹ rán mẹ́ta ó kéré tán, ẹ fi àwọ̀ okùn dá wọn mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa pariwo “ẹ gbé ti alára ńlá wá” láti òpin wọ́ọ̀dù.

Ọmọdé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ ilé rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà tíátà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń tijú bí àgbà. Ẹ má fún un ní aṣọ tí ẹyẹ àti ehoro kún inú rẹ̀ láìbi í.

Bàbá wa ti ń gbàgbé nǹkan, ó máa ń bọ́ra sílẹ̀ ní gbangba. Ṣé a lè rán aṣọ tí kò ní lè bọ́ fún un?

Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà: ọ̀kan ṣoṣo láti ọrùn dé ẹsẹ̀, síìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó ń dáàbò bo iyì rẹ̀ lójú àlejò. Ó tún jẹ́ ìdè, nítorí ẹni tí kò lè bọ́ aṣọ ara rẹ̀ kò lè dá lọ tọ̀. Òótọ́ ni méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan bo èkejì mọ́ yín lójú.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìdí tó fi ń bọ́ ọ. Ooru lè máa mú un. Aṣọ lè máa yún un lọ́rùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, tí kò sì rántí bí wọ́n ṣe ń ṣí síìpù. Ṣòkòtò onírọ́bà ló nílò, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá wá lò ó lẹ́yìn gbogbo èyí, kó jẹ́ fún àkókò díẹ̀, kí ẹnì kan máa mú un lọ tọ̀ lásìkò, kí ẹ sì máa tún un yẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kí olùtọ́jú lè sinmi nìkan ni, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Aláìsàn ọpọlọ tó lè fi aṣọ pa ara rẹ̀ ńkọ́?

Okùn, bẹ́líìtì àti ìbòrí gígùn lè di ohun ikú, nítorí náà a máa ń gbà wọ́n. Ẹni tí wọ́n gba okùn ṣòkòtò rẹ̀ wá ń fi ọwọ́ di ìbàdí rìn kiri. Ẹ fún un ní èyí tó ní rọ́bà pẹlẹbẹ. Fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga, aṣọ kan wà tó nípọn, tí wọ́n rán lálọ́po, tí kò ṣeé ya tí kò sì ṣeé lọ́ di okùn. Kó lò ó fún wákàtí díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Aṣọ náà kò lè rọ́pò olùṣọ́. Ẹ má fi fìyà jẹ ẹ́, ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ìhòòhò nítorí pé aṣọ yẹn kò sí.

Ìgbà kan wà tí àwọn èèyàn gbà pé láìde aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀, kò sí bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀. Dókítà John Conolly pa gbogbo ìdè tì ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Hanwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1839. Ní 1954, Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé àyíká. Ilé ìwòsàn tó ń wá ẹ̀wù tó le sí i lónìí, kó kọ́kọ́ ka iye nọ́ọ̀sì tó ní.

Ṣé ó burú láti fi àwọ̀ aṣọ dá àwọn aláìsàn mọ̀?

Ó sinmi lórí ta ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé ẹni yìí lè ṣubú. Ẹni tó bá rí i á nawọ́ sí i. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó ń sọ irú àìsàn tó ń ṣe èèyàn, pàápàá HIV tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìtúfó àṣírí ni. Kò sí àlàyé tó lè mú un dára.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó jẹ gbèsè. A mọ̀ pé àwọn ilé ìwòsàn kan ń dá ẹni tí kò rí owó ìtọ́jú san dúró. Bí wọ́n bá wá gba aṣọ rẹ̀, tí wọ́n wọ ti ilé ìwòsàn fún un kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lè dá a mọ̀, aṣọ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n rán un. Télọ̀ tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún, tí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀, lè kọ̀ ọ́. Ó yẹ kó kọ̀ ọ́.

Olóṣèlú kan fẹ́ fún wa ní aṣọ 500, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí àwòrán òun wà níbẹ̀.

Àyà aláìsàn kì í ṣe ògiri tí à ń lẹ pósítà mọ́. Ẹ gba aṣọ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ògiri ibi ìfọṣọ.

Ṣé ó yẹ ká gba ìwé àṣẹ ká tó dán aṣọ tuntun wò lára aláìsàn?

Bí ẹ bá fẹ́ fi wé ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ìwádìí ni. Ẹ gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ní ilé ìwòsàn náà. Irú wọn wà ní UCH ní Ìbàdàn àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn, NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera, ló sì ń ṣàkóso wọn káàkiri orílẹ̀-èdè. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ fúnra yín fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ fi jókòó, kí ẹ fi sùn, kí ẹ fi lọ tọ̀.

Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kì í fẹ́ bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nínú. “Ẹ ṣé, ó dára” rẹ̀ lè máà jẹ́ ìyọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tí kì í fún un ní abẹ́rẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kíkọ̀ rẹ̀ kò ní yí nǹkan kan padà. Ti fọ́tò tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lójú méjèèjì. Ẹ fi aṣọ náà wọ ẹni tó ní ìlera kí ẹ tó ya á.

Ṣé a lè sun aṣọ ẹni tó ní àìsàn tó ń ràn?

Bí irú Ebola bá ni, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó wọ Èkó ní 2014, Yábà ni wọ́n ti tọ́jú wọn, òfin irú ibẹ̀ sì ni pé ohun tó wọlé kì í jáde. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kí ẹ tó sun ún, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè fún un ní òmíràn dípò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, omi oníkẹ́míkà ni yóò fi wẹ̀ kó tó jáde, yóò sì nílò aṣọ. Ẹ má fún un ní aṣọ ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá fi ìyẹn wọ àdúgbò rẹ̀ ti kéde ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ ra ìró, bùbá, ṣẹ́ẹ̀tì, sálúbàtà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ń wọ̀ lọ sọ́jà, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Aláìsàn kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ku wákàtí kan. Kí la ó ṣe?

Ẹ lé gbogbo èèyàn jáde, ẹ jókòó, ẹ bi í ní ìdí. Àpá kan lè wà lára rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ó lè máa ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin ni ẹni tó fẹ́ tì í lọ sí tíátà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a lè yanjú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan: ṣòkòtò tí a lè gé dànù lórí tábìlì, aṣọ ìbora títí oorun yóò fi gbé e, obìnrin kan tí yóò tẹ̀ lé e wọlé.

Bó bá ṣì kọ̀, tí orí rẹ̀ sì pé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Dókítà náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ò lè gé ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣeé nù mọ́. Wọ́n lè sún ọjọ́ náà síwájú bí àìsàn bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, kí ẹni tó ga jù lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà wá bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tó sọ sínú fáìlì bó ṣe sọ ọ́ gan-an. “Aláìsàn ń ya pòkíì” kò gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n máa kọ.